Ìbò ń bọ̀, ariwo bọ́dà tún ti bẹ̀rẹ̀: kí ni ká bi wọ́n ní Àkúrẹ́?

Ọmọ Òkè-Àró (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n pe àwa ọ̀dọ́ àdúgbò sí ìpàdé kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń du tíkẹ́ẹ̀tì ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ dìde, ó ní tí a bá dìbò fún òun ní 2027, òun máa rí i pé wọ́n ti bọ́dà pa, àti pé láàárín oṣù mẹ́ta, àjèjì kankan tí kò ní ìwé kò ní kù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àtẹ́wọ́ gba gbogbo gbọ̀ngàn. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà kò ti kúrò lọ́kàn mi.

Ìpínlẹ̀ wa kò bá orílẹ̀-èdè kankan pààlà lórí ilẹ̀. Èkìtì, Kogi, Edo, Delta, Ògùn àti Ọ̀ṣun ló yí wa ká, òkun ló sì wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Bọ́dà wo ni aṣòfin tó ń jókòó ní Àkúrẹ́ fẹ́ tì? Nínú ìwé òfin 1999, ọ̀rọ̀ ìwọlé àjèjì, ọ̀rọ̀ àwọn aṣọ́bodè, ìwé ìrìnnà àti ọlọ́pàá, Abújá nìkan ló lè ṣòfin lé wọn lórí. Apá 41 ìwé òfin kan náà sọ pé ọmọ Nàìjíríà lè gbé ibi tó bá wù ú ní Nàìjíríà. Ẹ̀tọ́ tí mo ní tí mo bá lọ gbé ní Kánò ni ọmọ Tiv tó ń gbé ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ní.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ariwo yìí ń bo ohun tí ipò tó ń wá lágbára lé lórí mọ́lẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa ló ṣe òfin tó dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí ní 2020. Àwọn ló ń fọwọ́ sí ìṣúná rẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn ló ṣe òfin tó ka dída màlúù jẹko kiri léèwọ̀, tí gómìnà Akeredolu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 2021. Igbó ọba wà lábẹ́ ìpínlẹ̀. Kò mẹ́nu ba ọ̀kankan nínú gbogbo èyí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká bi wọ́n nígbà tí wọ́n bá tún pè wá?

Ọmọ Ọ̀wọ̀ Gidi

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ má fi òfin pa wá lẹ́nu mọ́. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis, wọ́n pa èèyàn tó tó ogójì, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Mo mọ ẹni tó wọ aṣọ tuntun lọ sí máàsì lọ́jọ́ náà tí kò padà wálé.

Kì í ṣe ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jí Bàbá Olú Fálaè, tó ṣe mínísítà ìṣúná rí, gbé lóko wọn ní Ìlàdó ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 2015, ọjọ́ ìbí bàbá ni. Wọ́n yìnbọn pa Fúnkẹ́ Ọlákùnrin, ọmọ Bàbá Fásọ̀rántí aṣáájú Afẹ́nifẹ́re, lọ́nà Ọ̀rẹ̀ ní oṣù keje 2019. Wọ́n pa Olúfọ̀n, ọba aládé, ní Elegbeka ní oṣù kọkànlá 2020. Tí ẹnì kan bá wá ní òun máa ti bọ́dà, àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, òun nìkan ló sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Ọmọ Òkè-Àró

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Mi ò sọ pé òmùgọ̀ ni wọ́n, èmi náà wà ní gbọ̀ngàn yẹn, mo rí ojú àwọn èèyàn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ yẹn gan-an. Ní oṣù kẹjọ 2025, DSS, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, gbé ọkùnrin márùn-ún lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abújá. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn ni pé wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí kan tó ní ẹ̀ka ní Kogi. Kogi ni o, ní ẹ̀gbẹ́ Àkókó níbí. Ká ní wọ́n ti bọ́dà Seme àti Ìdìrókò pa ní oṣù kẹfà 2022 tí wọ́n pa wọ́n, kí ni ìyẹn ì bá ṣe fún Ọ̀wọ̀? Ohun tó ń bà yín lẹ́rù wà láàárín igbó wa àti ojú ọ̀nà wa. Èyí tó wà níwájú wa ni mo fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí.

Akíkanjú97

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àró, ẹ ń sọ ọ́ bíi pé ìpínlẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan. Ṣebí Arákùnrin Akeredolu fún àwọn darandaran ní ọjọ́ méje péré ní oṣù kìíní 2021 pé kí wọ́n kó jáde nínú igbó ọba? Abújá pariwo, Garba Shehu, agbẹnusọ Buhari, sọ̀rọ̀ títí, Arákùnrin kò yẹsẹ̀. Olóṣèlú tó bá nígboyà ni à ń wá. Ẹni tó bá ní òun máa lé wọn, èmi máa dìbò fún un.

Ọmọ Òkè-Àró

Ó dára bí o ṣe mú ìyẹn wá, àbúrò. Ka ìkéde náà dáadáa: ọjọ́ 18 oṣù kìíní 2021 ló jáde. Ìbò gómìnà ti kọjá láti ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 2020, Akeredolu ti wọlé fún sáà kejì, kò tún lè du ipò náà mọ́. Ìbò kọ́ ló ń wá. Ohun tó wà lábẹ́ àṣẹ ìpínlẹ̀ ló fọwọ́ kàn: igbó ọba, fífi màlúù jẹko lóru, dída màlúù gba ojú títì àti àárín ìlú. Ó sì sọ níbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ máa bá iṣẹ́ ìdaran lọ, kó wá forúkọ sílẹ̀. Kò sọ pé òun ti bọ́dà. Irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mò ń wá lẹ́nu àwọn tó ń bọ̀ yìí: ọ̀rọ̀ tó ní ibi kan pàtó, tó ní òfin lẹ́yìn, tí a lè mú wọn sí.

Tíṣà Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ojú mi sì rí èyí rí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1983, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ìjọba Shagari, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Owó epo ti já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé nígbà náà, iṣẹ́ ti ń wọ́n, ìbò sì wà ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Àwọn ọmọ Ghana tó lọ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Ibẹ̀ ni báàgì tí gbogbo yín ń kó ẹrù sí dòní ti gba orúkọ tó ń jẹ́, Ghana Must Go.

Ọkùnrin ará Ghana kan wà tó ń tún bàtà ṣe lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni. Lọ́jọ́ tó kù ọ̀la kó lọ, ó kó gbogbo bàtà àwọn oníbàárà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ wá sí yàrá àwọn tíṣà. Ó ti ya bébà ìwé àwọn ọmọléèwé, ó kọ orúkọ ẹni tó ni bàtà sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ki í bọ inú bàtà. Àwọn tí kò tíì sanwó, ó kọ iye tó kù síbẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ta ọmọ tó máa ń bá òun pọnmi lọ́rẹ. Àwa la pín bàtà náà. Àwọn kan nínú wa bú sẹ́kún.

Ṣé iṣẹ́ wá pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ? Ẹ bi àwọn tó dàgbà nílé yín. Nígbà tí ìbò dé ní oṣù kẹjọ, tí wọ́n kéde Omoboriowo ní gómìnà dípò Ajasin, Àkúrẹ́ yìí gbiná. Wọ́n sun ilé, wọ́n sun èèyàn. Ilé ẹjọ́ ló dá ipò padà fún Ajasin. Kò sí ará Ghana kankan nínú ìjà yẹn, àwa ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ la pa ara wa. Nígbà tó fi di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, àwọn ológun ti gbàjọba lọ́wọ́ Shagari. Ìjọba Buhari tún lé àwọn àjèjì ní 1985, ọrọ̀ ajé kò sì tìtorí rẹ̀ gbérí.

Àwa náà ti jẹ irú ìyà yìí rí. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ẹjìgbò, àwọn tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà bàbá bàbá wọn. Ọ̀pọ̀ fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀.

Ìyá Oníresì Ọjà-Ọba

Tíṣà, ẹ ṣeun, ẹ rán mi létí. Ṣé àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ti gbàgbé 2019 ni? Buhari ti bọ́dà ní oṣù kẹjọ 2019, ìbò ti kọjá nígbà yẹn, wọ́n ní nítorí ìrẹsì àti ìbọn ni. Ọjọ́ 16 oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí mẹ́rin nínú rẹ̀, Seme, Illela, Maigatari àti Mfun. Ìdìrókò wà ní títì di 2022.

Ìrẹsì ni mò ń tà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ìrẹsì òkèèrè kò fìgbà kan tán lọ́jà. Òru ló ń dé. Owó tí ọlọ́kọ̀ ń san lójú ọ̀nà ló ń pọ̀ sí i, orí àpò ìrẹsì la sì ń gbé e lé, orí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà ló ń já sí. Ìrẹsì ilé tí wọ́n ní ká máa tà, ìyẹn náà gbówó lórí tẹ̀lé e. Obìnrin tó máa ń ra kóńgò mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í ra méjì. Àwọn ajínigbé wá dín kù bí? Olúfọ̀n tí ọmọ wa dárúkọ lókè yẹn, oṣù kọkànlá 2020 ni wọ́n pa wọ́n, bọ́dà wà ní títì pa lọ́jọ́ náà!

Ọmọ Ọ̀wọ̀ Gidi

Màmá, mi ò rò ó dé ibẹ̀ rí o. Òótọ́ ni.

Aláṣírí Ọ̀rọ̀

Àwọn ará Niger ti jáde kúrò nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kí ló dé tí a ò kàn lé wọn?

Ọmọ Òkè-Àró

Òótọ́ ni pé Niger, Mali àti Burkina Faso jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2025. Àmọ́ ECOWAS ṣì ní kí àwọn tó kù máa gba ìwé ìrìnnà àwọn ará ibẹ̀ wọlé títí dìgbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ mìíràn. Àdéhùn 1979 ló fún ọmọ ẹgbẹ́ ní 90 ọjọ́ láìgba físà, òun náà ló ń jẹ́ kí ọmọ Àkúrẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ Kútọnu tàbí Àkíráà. Ẹ sì rántí pé bọ́dà Nàìjíríà gùn ju 4,000 kìlómítà lọ. Abba Moro, nígbà tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀nà 84 ni ìjọba mọ̀ sí, àti pé àwọn ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n ti kà jẹ́ 1,499. Aṣòfin wo láti Àkúrẹ́ ló fẹ́ lọ dúró sẹ́nu gbogbo wọn?

Alámòójútó

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ méjì kúrò. Ẹ bá ara yín jiyàn, ẹ bá àwọn olóṣèlú wí, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá pe ẹ̀yà kan ní ẹranko níbí máa lọ sinmi fún oṣù kan.

Ọmọ Àkúrẹ́ Ní Coventry

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ariwo kan náà ni mò ń gbọ́ níbí, èmi ni wọ́n sì ń pariwo lé lórí.

Olórí ìjọba tó wà nígbà tí mo dé, Rishi Sunak, ṣèlérí ní oṣù kìíní 2023 pé òun máa dá àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tó ń kó èèyàn wọlé dúró. Wọ́n ní àwọn máa kó wọn lọ Rwanda. Wọ́n ná ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù pọ́n-ùn sórí rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n fi tipátipá gbé lọ, àwọn mẹ́rin péré ló lọ, ìyẹn náà sì jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló gbà láti lọ. Ìbò dé ní ọjọ́ 4 oṣù keje 2024, wọ́n fìdí rẹmi, ìjọba tuntun sì wọ́gi lé ètò náà.

Ọkọ̀ ojú omi kọ́ ló gbé àwa wá. A gba físà, a sanwó. Síbẹ̀ àwa ni ọwọ́ wọn tó. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024, ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣe irú iṣẹ́ mi kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn físà iṣẹ́ náà mọ́ àwọn tó wà lókèèrè pátápátá. Àbúrò mi obìnrin ti tọ́jú owó fún un ní Ìjàpọ̀, gbogbo rẹ̀ já sófo. Ibi tọ́wọ́ olóṣèlú bá tó ló máa ń gbá, torí pé ibi tó lérí kò ṣeé dé.

Nítorí náà, tí mo bá gbọ́ pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ní Òkè-Àró fún ẹni tó fẹ́ lé àjèjì, ọkàn mi máa ń bàjẹ́. Àjèjì ni èmi náà.

Alábà Kókó

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa ní Ìdànrè, nítorí àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n lé gbogbo wọn kò mọ ẹni tó ń ká kókó.

Lábà tiwa, ọmọ Àgàtú pọ̀ níbẹ̀, àwọn ará Benin Republic àti Togo wà níbẹ̀. Àwọn ló ń ro oko, tó ń wọ́n oògùn nígbà òjò, tó ń fọ́ kókó. Àdéhùn ọdún ni wọ́n máa ń ṣe. Ẹ lé wọn lónìí, kókó máa jẹrà sórí igi, ìpínlẹ̀ tó ń kó kókó jù ní Nàìjíríà la sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Àmọ́ a kì í gba èèyàn wọlé lásán. Bàbá mi ni olórí abà, wọ́n ní ìwé kan, nóòtù ńlá ẹlẹ́yìn líle. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹni tó mú un wá gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e wá. Wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, nọ́ńbà fóònù ẹnì kan nílé, oko ẹni tó máa ṣiṣẹ́ sí. Wọ́n máa fi ẹ̀kọ lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn. Tí kò bá ní fọ́tò, ó máa tẹ àtàǹpàkò. Ẹni tó mú un wá máa fọwọ́ sí i pé tó bá ṣe ibi, òun ni kí wọ́n mú. Tó bá ń lọ, bàbá mi máa fa ìlà pupa sórí orúkọ rẹ̀, wọ́n máa kọ ọjọ́ tó lọ. Ìgbà kan wà tí ọkùnrin kan ní òun kò ní ya fọ́tò, kò sun abà wa mọ́jú.

Láti ọdún tí bàbá mi ti ń kọ ìwé yìí, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó wá béèrè pé kí wọ́n ṣí i fún òun. Abà tó wà lódìkejì odò kò ní irú rẹ̀. Tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó sùn níbẹ̀ lánàá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àjèjì tó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kó wá bẹ̀rẹ̀ níbi ìwé yìí. Kó ṣe òfin pé gbogbo abà gbọ́dọ̀ ní in, kó fún olórí abà ní owó ìwé àti nọ́ńbà ẹni tó máa pè.

Akíkanjú97

Ẹ̀gbọ́n Alábà, ọ̀rọ̀ yìí ye mi. Àmọ́ tí ajínigbé bá gba oko wọlé lóru, ìwé bàbá yín kò ní dá a dúró.

Ọmọ Ọdẹ

Kò ní dá a dúró, bẹ́ẹ̀ ni. Àwa ọdẹ ló yẹ kó dá a dúró. Mo wà nínú àwọn tó ń ṣọ́ igbó ní ìlú wa lápá Ọ̀sẹ́. Iná tọ́ọ̀ṣì la fi ń ṣọ́nà, owó ara wa la fi ń ra bátìrì. Ìbọn ìbílẹ̀ la ní. Ibi tí wọ́n máa ń gbà kọjá, a mọ̀ ọ́n, a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé àárín igbó, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá rí nǹkan gbọ́dọ̀ sáré rìn dé etí títì kó tó lè pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n bá fi dé, àwọn tó gbé èèyàn ti lọ.

Rédíò alágbèéká tí ọlọ́pàá ń lò ni a nílò, àti mọ́tò kan tó ní epo. A ti sọ ọ́ fún àwọn tó wá kí wa nígbà ìpolongo ìbò tó kọjá. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n bá wa ya fọ́tò.

Tíṣà Àgbà

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín, ọmọ mi. Ẹ gbọ́, gbogbo ohun tí Alábà àti Ọmọ Ọdẹ sọ yìí, kò sí èyí tó nílò kí wọ́n yí ìwé òfin Nàìjíríà padà. Owó ìṣúná àti òfin ìpínlẹ̀ tó.

Ọmọ Òkè-Àró

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti kó ìbéèrè jọ láti inú ọ̀rọ̀ yín, èyí ni mo máa bi wọ́n. Àwọn igbó ọba wa, àwọn mélòó ló ń ṣọ́ wọn, ta ló ń sanwó wọn? Ìgbà wo ni ẹ máa gbé òfin ìforúkọsílẹ̀ lábà kalẹ̀, ta ló sì máa máa yẹ ìwé náà wò? Rédíò àti epo fún àwọn ọdẹ ń kọ́, èló lẹ máa fi sínú ìṣúná ọdún àkọ́kọ́? Òfin màlúù 2021, ta ni wọ́n ti fi mú, níbo? Tí ó bá dáhùn pé bọ́dà lòun fẹ́ tì, mo máa ní kó fi apá ìwé òfin tó fún un lágbára náà hàn wá.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ Gidi

Ẹ fi tèmi kún un. Tí wọ́n bá wọ àdúgbò wa ní aago méjì òru, nọ́ńbà wo ni ká pè, ta ló máa gbé e, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n máa fi dé? Kó dáhùn èyí kó tó dárúkọ Seme.

Ọmọ Òkè-Àró

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, òun ni màá kọ́kọ́ béèrè. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n tún pè wá, aago mẹ́wàá àárọ̀, gbọ̀ngàn kan náà. Ọmọ Ọdẹ, tẹ́ ẹ bá lè wá, ẹ kọ nọ́ńbà yín sí mi ní ìkọ̀kọ̀, a máa dáwó ọkọ̀ yín. Alábà, ẹ bá wa bẹ bàbá kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ ya fọ́tò ojú ewé kan tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni, ká lè fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe fa ìlà rẹ̀.